Erè Kápẹ́ẹ̀tì Nínú Ilé: Kí Ẹ Tó Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Ni fún Ọmọ Yín

Ohun tí mo sọ lórí ètò náà ló wà nísàlẹ̀ yìí, mo kàn gé ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò ni.

Ìyá kan tó ń gbé ní Manchester ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun fẹ́ sin ejò. Kì í ṣe ejò kan ṣáá o, carpet python ló dárúkọ. Màmá ní àwọn ti gbàdúrà sí i, ọmọ ò yí ọkàn padà. Wọ́n wá bi wá ní nǹkan mẹ́ta: ṣé ejò yìí ò ní pa èèyàn? Ṣé òfin gbà á? Ọdún mélòó ló máa lò kó tó kú? Ìbéèrè kẹta yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ òun gan-an ló lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó lè lo ọdún 20, ó lè lé ní 25. Ọmọ tó jẹ́ ọdún 14 lónìí á ti fẹ́yàwó, á ti bímọ, ejò náà á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí a ṣe ń bọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbátan erè tó wà nínú igbó wa ni. (Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ ẹran erè rí, mo mọ̀ yín, ẹ dákẹ́ síbẹ̀.) Kò lóró rárá. Bó ṣe ń pa ẹran ni pé á fi eyín gbá a mú, á wé mọ́ ọn, á sì fún un pọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní lè rìn nínú ara ẹran náà mọ́. Morelia spilota ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ọsirélíà ni ilé rẹ̀, àti erékùṣù New Guinea tó wà lókè ibẹ̀. Ọnà ara rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ ní kápẹ́ẹ̀tì, torí àwọn àmì dúdú, yẹ́lò àti àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wọnú ara wọn bí ẹní tí ẹni tó mọ iṣẹ́ hun. Erè kápẹ́ẹ̀tì ni èmi náà á máa pè é láti ibí lọ.

Ní ìlú Brisbane, kì í ṣe ohun ìyanu pé kí erè kápẹ́ẹ̀tì tó gùn tó mítà 2 máa gbé inú àjà ilé èèyàn. Eku ló ń wá lọ síbẹ̀, àti possum, ẹran kékeré abìrù tó máa ń gun igi lóru. Yorùbá ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn ará Brisbane ń fi erè sórí òrùlé sùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn kan á pe ẹni tó ń mú ejò kó wá gbé e lọ, àwọn míì á ní kó dúró, kó máa bá àwọn lé eku. Mo sọ èyí torí pé ó jẹ́ ká mọ irú ejò tó jẹ́. Kì í ṣe ejò tó kàn ń sùn sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ó ń gun igi, ó ń gun ògiri, ó ń rìn lóru, ó ń lúwẹ̀ẹ́ bó bá rí omi, ojú rẹ̀ sì wà lójúfò.

Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ball python, erè kékeré tí ẹ máa bá ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ẹranko ní Òkè Òkun. Ball python, tiwa nìyẹn. Apá ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ló ti wá, láti Benin, Togo àti Gánà sì ni wọ́n ti ń kó o lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ní Ouidah, ní Benin, ilé òrìṣà kan wà tí irú erè yìí ń gbé, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ball python ń tijú, ilẹ̀ ló ń gbé, bí ẹ̀rù bá bà á á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, ó sì lè kọ oúnjẹ fún oṣù mélòó kan láìsí ìdí tó hàn sí èèyàn. Erè kápẹ́ẹ̀tì ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìtìjú. Ó ń jẹun dáadáa, nígbà míì ó ń jẹun ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì máa rí i lórí ẹ̀ka igi nínú àpótí rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ejò tí mo lè máa wò bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n, òun ni mo máa mú. Bó bá sì jẹ́ ejò tó máa jókòó jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ball python ni.

Èwo nínú wọn?

Orúkọ kan ṣoṣo kọ́ ni erè kápẹ́ẹ̀tì. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, èyí tí ẹ bá sì mú ló máa sọ bí ilé yín ṣe máa rí fún ọdún 20.

Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà jù ni ti etíkun ìlà-oòrùn Ọsirélíà, tí wọ́n ń pè ní coastal. Òun ló tóbi jù. Mítà 2 sí mítà 2 àbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn kan sì ń ga ju mítà 3 lọ. Ẹ duro sí iwájú ilẹ̀kùn yàrá yín, ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ju ìyẹn lọ. Jungle ni ti igbó òjò apá àríwá Queensland, ó kéré sí ti etíkun, dúdú àti yẹ́lò rẹ̀ sì ń dán gbinrin. Ẹwà ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rí lórí YouTube tí wọ́n fi ń sunkún. Àmọ́ bó bá ṣì kéré, inú rẹ̀ kì í dùn sí ẹnikẹ́ni, á máa bu ọwọ́ ṣán láìnídìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, kì í ṣe gbogbo wọn.

Èyí tó wá láti New Guinea, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Irian Jaya, ló wù mí fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Mítà 1 àbọ̀ sí mítà 2 kò tó ohun tí yóò dẹ́rù ba ilé, ara rẹ̀ sì sábà máa ń balẹ̀ ju ti jungle lọ. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Bredl's python, ìbátan tó súnmọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí, tó wá láti àárín gbùngbùn Ọsirélíà níbi tí ilẹ̀ ti pupa, tí òun náà sì pupa bí ilẹ̀ ibẹ̀. Ó tóbi díẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ̀ ọ́n sí ejò tó níwà.

Diamond python ńkọ́, dúdú tó ní àmì yẹ́lò wínníwínní lára, èyí tó wá láti agbègbè Sydney? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ibi tútù ló ti wá, bí ẹ bá sì fún un ní ooru tí ẹ ń fún àwọn yòókù láti ọdún dé ọdún, ara rẹ̀ á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ejò ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà dáadáa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Jaguar

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ó jọ pé ohun tí ọmọ tó wà ní Manchester yẹn fẹ́ gan-an nìyí. Ìyá rẹ̀ fi àwòrán ránṣẹ́, Jaguar ló wà níbẹ̀.

Jaguar kì í ṣe oríṣi kan tó wá láti inú igbó. Ìyípadà kan ló ṣẹlẹ̀ nínú jíìnì ejò tí wọ́n ń sìn, Norway ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì ti fi gun oríṣiríṣi erè kápẹ́ẹ̀tì láti ìgbà náà. Ọnà ara rẹ̀ máa ń já síra, yẹ́lò rẹ̀ máa ń pọ̀, ó rẹwà, irọ́ ò sí níbẹ̀. Àmọ́ jíìnì tó fún un ní ẹwà yẹn náà ló ń da ọpọlọ àti iṣan rẹ̀ láàmú. Orí rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá fẹ́ gbá ẹran mú, á tàsé. Nígbà míì ọrùn rẹ̀ á yí po bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ, á dojú dé, kò sì ní mọ ibi tí òkè wà. Lára àwọn kan, díẹ̀ ló máa ń hàn, ẹ lè má tètè rí i. Lára àwọn míì ó pọ̀ débi pé wọn ò lè dá jẹun. Ọmọ Jaguar tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lójú ọjà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, pàápàá bí ìdààmú bá bá a, bíi kí wọ́n gbé e kúrò nílé kan lọ sí òmíràn.

Bí wọ́n bá sì fi Jaguar gun Jaguar, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ló máa ń gba jíìnì náà lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá. Funfun báláú ni àwọn yẹn máa ń jẹ́, wọ́n sì máa ń kú sínú ẹyin tàbí kété tí wọ́n bá jáde.

Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ò ní ìṣòro kankan. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Èrò tèmi ni pé ẹ má rà á. Jaguar ń wà lọ́jà torí a ń sanwó fún un ni. Erè kápẹ́ẹ̀tì tí ọnà ara rẹ̀ rí bí Ọlọ́run ṣe dá a rẹwà tó, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré. Bí ẹ bá rí "Jag" tàbí "Jaguar" lára orúkọ gígùn tí wọ́n kọ sí àpótí ejò, ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Òfin

Ní Ọsirélíà, ẹ ò lè kàn lọ mú erè nínú igbó kí ẹ sọ ọ́ di tiyín. Òfin ń dáàbò bo ejò wọn, ẹni tó bá fẹ́ sìn ín gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tó ń gbé, wọn ò sì gbà kí wọ́n kó o jáde lọ tà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé erè kápẹ́ẹ̀tì Ọsirélíà tí ẹ bá rí ní London tàbí ní Houston, inú àpótí ni wọ́n ti bí i, inú àpótí ni wọ́n sì ti bí ìyá rẹ̀. Ohun tó dára nìyẹn, torí ejò tí wọ́n bí sílé kì í sábà gbé àìsàn igbó wá. Ti New Guinea ló yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ń kó o jáde láti Indonesia, nítorí náà ẹ bèèrè dáadáa, kí ẹ sì mú èyí tí wọ́n bí nílùú tí ẹ wà.

Ní England, ẹ ò nílò ìwé àṣẹ kankan láti sin erè kápẹ́ẹ̀tì. Òfin ọdún 1976 tó wà fún àwọn ẹranko tó léwu kò kàn án. Àmọ́ òfin míì wà, ti ọdún 2006, tó sọ nípa ìtọ́jú ẹranko, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí Màmá fetí sí. Wọn ò gbọdọ̀ ta ẹranko fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Bí ọmọ tí kò tó ọdún 16 bá sì ń sin ẹranko, òbí tàbí alágbàtọ́ tó ń bójú tó ọmọ náà ni òfin kà sí ẹni tó ni ojúṣe ìtọ́jú rẹ̀. Kí nìtumọ̀ rẹ̀? Bí ejò náà bá ń jìyà nínú àpótí nítorí pé ọmọ ti rí ohun míì tó ń wù ú, Màmá ni wọ́n máa pè. Kò sì sí pé ẹ lè lọ jù ú sínú igbó, òfin kọ ìyẹn náà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbà fún ọmọ, ẹ̀yin náà ti di onejò. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti Ìbàdàn tí ẹ ń ronú pé kí ẹ̀gbọ́n yín fi sínú báàgì wálé ní Kérésìmesì, ẹ mú ọkàn kúrò níbẹ̀. Erè wà lára ẹranko tí àdéhùn CITES ń ṣọ́, kò sì lè kọjá ẹnubodè láìsí ìwé.

Ilé tí ó máa gbé

Ẹ ra àpótí kí ẹ tó ra ejò. Ẹ tan gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa wo bí ooru ṣe ń lọ sókè sódò. Ejò ò lè mú ara rẹ̀ gbóná bí àwa, ibi tó bá wà ló ń mú un gbóná tàbí tutù. Torí náà apá kan àpótí gbọ́dọ̀ gbóná, apá kejì gbọ́dọ̀ tutù, kí ejò lè máa yàn fúnra rẹ̀. Ibi tó ti ń yá oòrùn, 31°C sí 33°C. Ibi tútù, bíi 25°C. Lóru ó lè wálẹ̀ díẹ̀ sí i.

Gílóòbù tó ń mú ooru jáde ni wọ́n sábà ń lò. Nǹkan méjì kò gbọdọ̀ yẹ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni thermostat, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ooru tó sì ń dín in kù bó bá ti tó. Láìsí i, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ooru bá kọjá ààlà ti tó láti se ejò jinná. Èkejì ni pé kí ẹ fi wáyà bo gílóòbù náà yí ká. Mo ti sọ pé ejò yìí ń gun nǹkan. Bó bá rí gílóòbù tó gbóná, á lọ wé mọ́ ọn, kò sì ní mọ̀ pé ara òun ti ń jóná títí awọ á fi bó. Àwọn òkúta oníná tí wọ́n máa ń tà pé kí ejò máa sùn lé lórí, ìṣòro kan náà ni, ẹ má rà á.

Ní ti bó ṣe yẹ kí àpótí tóbi tó: fún àgbà, sẹ̀ǹtímítà 120 ní gígùn, 60 ní fífẹ̀, 60 ní gíga ni èyí tó kéré jù tí ẹ máa rí táwọn èèyàn ń lò, èmi ò sì rò pé ó tó fún ti etíkun. Èrò tó ń gbilẹ̀ báyìí ni pé kí ejò lè na ara rẹ̀ tán nínú ilé rẹ̀. Ejò tó gùn tó mítà 2, àpótí mítà 2. Ẹ wọn ògiri yàrá ọmọ yín wò. Nínú rẹ̀, ẹ̀ka igi tó nípọn tó sì dúró gbọn-in, ibi ìfarapamọ́ méjì, ọ̀kan lápá gbígbóná, ọ̀kan lápá tútù, abọ́ omi tí kò lè dà. Ìwé ìròyìn tàbí èèpo igi ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Igi kédà kò dára fún un, òórùn rẹ̀ ń ba èémí ejò jẹ́.

Àti àgádágodo. Gbogbo ara ejò jẹ́ iṣan, bí ìlẹ̀kùn gíláàsì bá ṣí sílẹ̀ níwọ̀n ìka ọwọ́, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Ní ìgbà ooru, RSPCA, àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko ní Ìlú Ọba, máa ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń sin ejò pé kí wọ́n ti àpótí wọn dáadáa, torí ooru ń mú kí ejò máa rìn kiri. Ẹ fojú inú wo aládùúgbò yín tó bá a nínú ilé ìwẹ̀.

Oúnjẹ, àti ọ̀rọ̀ fíríísà

Eku ló ń jẹ. Kì í ṣe eku ààyè o. Eku ààyè lè bu ejò jẹ, ó sì lè fọ́ ọ lójú, yàtọ̀ sí pé ìyà ni fún eku náà. Eku tó ti kú tó sì ti dì ni wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, èyí tó túmọ̀ sí pé inú fíríísà ni ẹ ó máa kó o sí. Mo mọ̀ pé fíríísà yẹn náà lẹ̀ ń kó ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja sí. Ẹ ra fíríísà kékeré míì, tàbí ó kéré tán ẹ wá ike tó ní ìdérí tó le, kí ẹ kọ nǹkan sí i lára gàdàgbà, kí bàbá tó ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ má baà sì í mú.

Bí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ gbé eku náà sínú fíríìjì mọ́jú kó lè yọ́, lẹ́yìn náà ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná títí ara rẹ̀ á fi gbóná bíi ti ẹran ààyè. Ẹ má fi sínú máíkíróweéfù, á bẹ́. Gbígbóná yẹn ṣe pàtàkì torí pé ihò kéékèèké wà ní ètè erè kápẹ́ẹ̀tì, tó fi ń mọ ooru ara ẹran nínú òkùnkùn biribiri. Eku tútù, bí òkúta ló ṣe ń rí lójú rẹ̀. Ẹ̀mú gígùn ni kí ẹ fi mú un fún un, kì í ṣe ọwọ́.

Eku tí kò sanra ju ibi tí ejò náà ti sanra jù lọ ló yẹ ẹ́. Ọmọ ejò ń jẹ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Àgbà, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 ti tó. Àwa Yorùbá, bí àlejò bá ti jẹun tán a tún máa ń ní kó gba díẹ̀ sí i, àmọ́ ejò yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó. Á máa wo yín bí ẹni pé kò tíì jẹun láti ọdún tó kọjá. Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀rá ara ń pa erè tí wọ́n ń sìn nílé.

Ṣé ó ń bu èèyàn ṣán?

Ó lè ṣe é. Eyín rẹ̀ pọ̀, wọ́n wẹ́, wọ́n sì tẹ̀ sẹ́yìn bí ìwọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á jáde, á ta yín, ẹ ó fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ó tán. Bó bá di ọwọ́ mú tí kò fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ má fà á yọ, eyín á fa ara ya, òmíràn lè kán sínú ọgbẹ́. Ẹ da omi tútù sí i lórí, tàbí ẹ fi oògùn ìpawọ́ tó ní ọtí kàn án lẹ́nu díẹ̀, á tú ọwọ́ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí erè kápẹ́ẹ̀tì bá buni ṣán, oúnjẹ ló rò pé ó dé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sìn ní ọgbọ́n kan: kí wọ́n tó gbé e, wọ́n á fi ọ̀pá tàbí irin tó tẹ̀ lórí rọra kàn án lára. Bí ọ̀pá bá ti kàn án, ó ti mọ̀ pé kì í ṣe àkókò oúnjẹ. Bí ọ̀pá ò bá kàn án, ó lè jẹ́ eku. Láàárín oṣù díẹ̀ á ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn tó bá jẹun, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 ó kéré tán, torí bí ẹ bá ń gbé e kiri, á pọ oúnjẹ náà dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, kápẹ́ẹ̀tì gidi.

Ní ti pípa èèyàn: èyí kì í ṣe àwọn erè ńlá Éṣíà tó ń gùn tó mítà 5, èyí tó ti kún igbó omi Florida báyìí. Síbẹ̀, bó bá ti ju mítà 2 lọ, kí àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá ń gbé e tàbí tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Ẹ má ṣe fi í kọ́ ọrùn fún fọ́tò. Ilé tí ọmọ ọwọ́ bá sì wà, kí ilẹ̀kùn yàrá náà máa wà ní títì, kí gbogbo èèyàn sì máa fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kan ejò tàbí abọ́ rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí Salmonella wà lára ejò tí ara rẹ̀ le dáadáa, àwọn ọmọdé àti arúgbó ló sì máa ń bá jà jù.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á

Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń sìn ín fúnra rẹ̀, kí ẹ rí ìyá ejò náà bó bá ṣeé ṣe. Ẹ ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ lójú yín, tàbí kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tó jẹun sí hàn yín. Ọmọ ejò tí kò tíì jẹun ní ìgbà 5 tàbí 6 láìfi ipá, ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ gbé e sọ́wọ́. Ó yẹ kó dì yín mú, kí ara rẹ̀ le, kó máa yọ ahọ́n. Bó bá rọ bí okùn, nǹkan ń ṣe é. Ẹ fi etí sún mọ́ ọn: èémí ejò kì í pariwo. Bó bá ń súfèé, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, tàbí tó ń la ẹnu sókè láti mí, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni, ẹ máa bá tiyín lọ. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní nidovirus tó ń ṣe erè bẹ́ẹ̀, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń tajà dáadáa kò ní bínú bí ẹ bá ní kó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ àti yíká ojú, bóyá ẹ ó rí àwọn kòkòrò dúdú tíntìntín tó ń mu ẹ̀jẹ̀, bí eégbọn ṣe ń ṣe ajá. Ẹ sì rọra yí i padà lọ́wọ́ yín, kí ẹ wò ó bóyá ó mọ bó ṣe máa dá ara rẹ̀ padà. Mo ti sọ ìdí rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé lọ́jọ́ náà, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ dókítà ẹranko tó ń tọ́jú ejò nítòsí yín. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà á.

Bó bá délé, ẹ gbé e sínú àpótí, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 7. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e, kí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ má tò wá wò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 yẹn ni kí ẹ fún un ní oúnjẹ àkọ́kọ́. Bó bá jẹ ẹ́, ẹ dúró dìgbà tó bá jẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, ìṣẹ́jú 5 tàbí 10 lẹ́ẹ̀kan. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú bí ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣá, ẹ má jáyà, awọ ló fẹ́ bọ́. Ẹ fi omi sí i nínú afẹ́fẹ́ àpótí díẹ̀, ẹ má gbé e, ẹ má ràn án lọ́wọ́ láti fa awọ náà ya. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ ó bá a nílẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, odindi, pẹ̀lú ibi ojú rẹ̀ méjèèjì. Ẹ yẹ ibi ojú yẹn wò dáadáa kí ẹ tó jù ú nù. Bí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, ó ṣì wà lójú ejò náà, dókítà ló sì máa bá yín yọ ọ́.

Màmá Manchester, ẹ kọ̀wé sí wa bí ẹ bá ti wọn ògiri yẹn tán. Ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ ni, àti ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń tu ìyẹ́ ara wọn. Ó dàbọ̀ ná.